Òkè àti Ìsàlẹ̀ Lórí Gìtá Kan

Ẹni tó bá wà lórí ìdúró, kó wá nǹkan fi jókòó. Ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná, kó lọ pa gáàsì rẹ̀ kó tó padà wá, torí mi ò ní yára. Ọ̀rọ̀ gìtá béèsì ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹni tí kò mọ gìtá kò ní gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ èèyàn méjì ni. Èmi ni ọ̀kan nínú wọn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sabon Gari, níbí ní Minna, àwa méjì là ń ta béèsì. Iṣẹ́ ìjọba ni èmi ń ṣe nígbà náà. Òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama. Bí èmi bá ta á lọ́sẹ̀ yìí, òun ló máa ta á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá kàn yóò jókòó sẹ́yìn, á máa ṣọ́ àṣìṣe ẹnì kejì. Bí mo bá ṣi ohùn kan tẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ikọ́ rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ gbọ́. Tí ìsìn bá parí, á dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà: "Ọ̀gá, ta ló ní kí ẹ fi ẹsẹ̀ ta gìtá lónìí?" Bí a ṣe ń ṣọ̀rẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ gba orin sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, wàhálà dé. Ta ni yóò ta béèsì? Olórí akọrin wa fẹ́ràn àlàáfíà ju orin lọ. Kò lè yan ẹnì kan. Ni àwa méjèèjì bá gbé gìtá wa, a wọ kẹ̀kẹ́ kan náà lọ sí sítúdíò ní Tunga, a ò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ títí a fi débẹ̀. Ọkùnrin tó ni sítúdíò wò wá, ó wo gìtá, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, kí ló dé tí ẹ̀yin méjèèjì ò ta á? Ẹ̀rọ yìí ò kọ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ ta tirẹ̀: ohùn mẹ́ta péré, nísàlẹ̀ pátápátá, lórí àwọn okùn tó nípọn. Lẹ́yìn náà ni mo wá ta tèmi lé e lórí, lórí àwọn okùn tín-ín-rín. Tirẹ̀ á béèrè, tèmi á dáhùn. Tirẹ̀ dà bí ìgbà tí bàbá àgbà bá ń rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tèmi, bí ọmọ tó ń sáré yí i ká.

Ohun kan wà nínú ohùn mẹ́ta yẹn tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ ìgbà, ẹ rántí pé olùkọ́ ìṣirò ni. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ìlù á ti dún, wàá ti rò pé kò ní dé mọ́, ìgbà yẹn ni yóò wá gbé ohùn rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń jókòó sórí àga tí kò dá a lójú. Inú pípẹ́ yẹn ni adùn orin náà wà. Mo bi í léèrè ọ̀nà tó ń gbà ṣe é. Ó ní, "Inú ìyá mi ni mo ti gbé e wá. Lọ bi ìyá tìẹ bóyá ó fún ẹ ní nǹkan kan."

Orin náà rìn. Wọ́n ń gbé e sórí fóònù ní ọjà Kure, wọ́n ń lò ó níbi ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ kan mo wọ kẹ̀kẹ́, mo bá orin náà tó ń dún níbẹ̀. Ọmọ Hausa tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó yíjú padà bi mí pé, "Baba, mutum biyu ne?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn méjì ló ń ta á. Mo ní, "E, biyu ne." Inú mi dùn dé ilé.

Látìgbà náà ni àwọn akọrin ti ń pè wá ní Òkè àti Ìsàlẹ̀. Àwọn ìyàwó wa pàápàá gbà á. Ṣọ́ọ̀ṣì ra sípíkà béèsì kejì, wọ́n gbé àga méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù, a sì ń ta orin náà bí ó ṣe wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, òun nísàlẹ̀, èmi lókè.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, rọpárọsẹ̀ mú Ìsàlẹ̀. Ibi tó ti ń fọ eyín láàárọ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu, ẹsẹ̀ padà pẹ̀lú ọ̀pá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kọ̀. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ́sibítù fún un ní bọ́ọ̀lù tẹníìsì kan pé kó máa fún un mọ́ inú ọwọ́. Ó sì ń fún un. Ó ní, "Òkè, ìka méjì ni béèsì ń fẹ́. Ìka méjì náà ni mò ń bẹ Ọlọ́run fún. Kó fi ìyókù ṣe ohun tó bá wù ú." Nígbà tó yá, ìka ìfábẹ̀lá ń mì díẹ̀. A yọ̀. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun mìíràn tó tún mì.

A ò kọ orin náà mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àga rẹ̀ àti sípíkà rẹ̀ wà níbi tí wọ́n wà. Ẹnikẹ́ni kò jókòó síbẹ̀.

Ìdúpẹ́ ọdún ló wá dé, àwọn àlejò ńlá ń bọ̀, wọ́n sì ní orin yẹn ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Olórí akọrin wá bá mi nílé.

"Òkè, bó ṣe wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù gan-an ni wọ́n ń fẹ́ o."

"Béèsì méjì ló wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù."

"Mo mọ̀."

"Èmi mélòó lẹ rí níbí yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ gìtá, bàbá. Èmi kàn ń jíṣẹ́ ni."

Mo lọ sílé Ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ọjà Kure láti sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta á jàre. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀ṣì ni, tí n ó fi ní kí wọ́n má kọrin? N ó wá. N ó jókòó níwájú, n ó sì máa wúkọ́." Ìyàwó rẹ̀ sìn mí dé ẹnu géètì. Ibẹ̀ ló ti di apá aṣọ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti ń gbàgbé bọ́ọ̀lù yẹn sórí tábìlì. Ó ní ta ló tún fẹ́ fi òun ṣe kí ni. Tó bá dọjọ́ náà, tiyín nìkan ni kí ẹ ta. Ẹ fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ jẹ́ kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé orin yẹn ní ihò. Bó bá gbọ́ ọ, á padà sídìí bọ́ọ̀lù, mo mọ ọkọ mi."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, ìyàwó wa."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Mi ò lè sọ pé mi ò gbọ́.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn lọ sílé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi jiyàn. Bí mo bá ta tèmi nìkan, ìdáhùn ni àwọn àlejò yóò máa gbọ́, wọn ò ní gbọ́ ìbéèrè. Wọ́n á ní bàbá yìí ti gbàgbé orin. Mo tún ní, bí mo bá gbé ohùn ọ̀rẹ́ mi wá síbẹ̀, ṣé kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ni mo gbé wá? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí mi, mo sì dì í mú. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè ṣe é.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nínú yàrá. Àtàǹpàkò ọ̀tún ni n ó fi ta ti ìsàlẹ̀, n ó fi ìka méjì ta ti òkè. Ọwọ́ òsì ni kò gbà: kò lè wà nísàlẹ̀ ọrùn gìtá kó tún wà lókè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tó yá ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Bí a bá sọ ohùn orin náà kalẹ̀ díẹ̀, méjì nínú ohùn mẹ́ta ọ̀rẹ́ mi yóò bọ́ sórí okùn tí a kò tẹ̀ rárá. Kí àtàǹpàkò ṣáà ti kàn án, yóò dún fúnra rẹ̀. Ọwọ́ òsì á wá ráyè fún tèmi. Ẹ̀kẹta, ìka kékeré á sáré lọ bá a.

Obìnrin tó ń lé orin náà kò fẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé kí n kọrin ni àbí kí n máa kùn bíi jẹnẹrétọ̀?" Olórí akọrin bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà.

Ó wá ku pípẹ́ yẹn. Àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ pẹ́, ìka méjì kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́. Bí ẹni fi ẹsẹ̀ èèyàn méjì rìn ni. Mo gbé rẹ́kọ́ọ̀dù sórí fóònù, mo ń gbọ́ ọ, mo ń ta á, títí ìyàwó mi fi ní, "Ṣé kò sórin mìíràn láyé mọ́ ni? Òkè kan, Ìsàlẹ̀ kan, ẹ fẹ́ lé mi kúrò nílé ọkọ mi." Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti pa fóònù, mo kàn ń ta á lásán, ni àtàǹpàkò mi bá pẹ́ fúnra rẹ̀. Ìyàwó mi ké láti ilé ìdáná: "Ìsàlẹ̀ ló dé ni? Ta ló gbé e wá?"

Ó yẹ kí àyà mi já. Ijó ni mo jó.

Ọ̀sán ni ìdúpẹ́ náà, lábẹ́ kánópì, oòrùn mú. Ìsàlẹ̀ jókòó níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí i tó ń wo àga rẹ̀ tó wà lófìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú lórí itan.

Onílù lu ìlù wọlé. Mo jẹ́ kó dún. Mo pẹ́ díẹ̀. Mo gbé ohùn náà kalẹ̀.

Àwọn èèyàn ń na ọrùn, wọ́n ń wá ẹnì kejì. Àwọn àlejò dìde. Ìsàlẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àtàǹpàkò mi ló tẹjú mọ́, kò sì gbójú kúrò níbẹ̀ mọ́ títí orin fi parí. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ilẹ̀. A dé ẹsẹ kẹta, nǹkan kan sọ fún mi pé: gbé àtàǹpàkò yẹn sókè. Kò tíì pẹ́ jù. Gbé e sókè, jẹ́ kí ihò wà. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò gbé e.

Bí a ṣe parí, olórí akọrin gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin ará, ẹnì kan ṣoṣo o! Ẹ wò ó, gbogbo ọjọ́ tí a ti ń gbé àga méjì kalẹ̀!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìsàlẹ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Mo lọ bá a. Ó na ọwọ́ òsì sí mi.

"Òkè, o ṣe é."

"Ìwọ lo ṣe é. Tìẹ ni mo ta."

"Rárá o." Ó mi orí. "Mo ti rò pé pípẹ́ yẹn, kò ṣeé kọ́."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n." 

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, àga kejì ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn akọrin tuntun ń wá ibi jókòó.  Nígbà tí mo lọ kí Ìsàlẹ̀ nílé, ọmọ ọmọ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì náà mọ́ ògiri, ó ń ké sí mi pé, "Baba, ga ƙwallona!" pé kí n wá wo bọ́ọ̀lù òun. Mo wọlé, mo ní, "Ìsàlẹ̀, dákun, gba nǹkan yẹn padà lọ́wọ́ ọmọ."

"Ọmọ ń wá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù sì wà nílẹ̀."

Mo rò pé ó yẹ kó mọ̀, mo sì sọ ọ́. Mo ní, "Ìyàwó rẹ ní kí n fi àyè rẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mi ò ṣe é."

Ó ní, "Mo gbọ́ yín lẹ́nu géètì. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, mo jókòó, mo ń retí àyè yẹn."

Kò bínú. Ì bá bínú, bóyá ǹ bá ti sùn dáadáa látìgbà náà.

Kò pẹ́ sígbà náà tó pè wá jọ, ó ní òun fẹ́ pín ogún. Ìyàwó rẹ̀ fi ìbínú dìde: "Ogún wo? Ṣé o ti kú ni?"

Ó ní, "Ìka ló kú. Ogún ìka ni mò ń pín. Jókòó."

Gìtá lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Ìlọrin, tí kò mọ̀ ọ́n ta. Ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Sípíkà kejì di ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Bẹ́líìtì tó fi ń gbé gìtá kọ́rùn bọ́ sọ́wọ́ àna rẹ̀, ó fi ń so ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Nígbà tó kàn mí, ó ní èmi ni òun fi orin ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún, pé ó ti wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀, òun kàn ń bu ọwọ́ lù ú ni.

Ìyàwó rẹ̀ ló jogún ọwọ́ ọ̀tún. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń ki í bọ apá aṣọ, òun ló sì ń gbé e lé itan ara rẹ̀ nírọ̀lẹ́ bí àwọn méjèèjì bá jókòó síta.