Ohun Tó Wúwo Jù Nínú Kọ̀ǹpútà Ọmọ Mi

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, méjì nínú rẹ̀ sì ti fò lọ. Ìyẹn ò ní kí n má sọ fún àwọn ọmọ yunifásítì tó ń wá tẹ iṣẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi obìnrin ní Àgbowó pé èmi ni mo fi orí ru kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ láti Dùgbẹ̀ wá síbí, nínú òjò, tí ẹ̀kán omi kan ò sì kàn án. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, n ò bu iyọ̀ sí i.

Ọdún kejì lẹ́yìn ikú ìyàwó mi ni kọ̀ǹpútà náà kọ̀, kò gba ohunkóhun mọ́. Ó ní inú òun ti kún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, wọ́n fẹ́ tẹ pírójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi wò mí, ó rọra ní fídíò ló máa ń wúwo jù, fídíò tó sì wà níbẹ̀, ti màmá òun ni. Bóyá kí òun pa wọ́n rẹ́. Fóònù tí mo fi yà wọ́n ti sọnù ní àdúgbò Challenge. Bí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, n ò ní gbọ́ ohùn ìyàwó mi mọ́ láyé.

Mo ní, "Ṣé o ti wọ̀n wọ́n wò? Àbí torí pé wọn ò lè gbèjà ara wọn?"

Ó kọjú sí kọ̀ǹpútà. Linux ló wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, èyí tí èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan pàṣẹ fún. Ó ṣí ojú dúdú kan tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, ó tẹ sudo find / -xdev -type f -size +1G. Ó ní òun ní kó wá gbogbo fáìlì tó bá wúwo ju gígà kan lọ jáde.

Orúkọ kan ṣoṣo ló jáde. Kì í ṣe ti màmá. Ọmọ mi ní kó fi ìparí fáìlì náà hàn wá: ìlà kan náà ni, léraléra, pé òun ń wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òun ò rí i. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa àtijọ́ ti bàjẹ́ tipẹ́, a ti gbé e fún àwọn tó ń ra irin. Kò sẹ́ni tó sọ fún kọ̀ǹpútà. Ó ń pè é ṣáá, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun pè é, títí inú rẹ̀ fi kún.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín. Èmi náà ṣì máa ń pe ẹnì kan láàárọ̀ kí n tó rántí.

Ọmọ mi dá ètò tó ń pe ẹ̀rọ náà dúró, ó da ohun inú fáìlì náà nù, àyè ṣí sílẹ̀ rẹpẹtẹ. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ tán, mo ní kó wọn ti màmá fún mi. Ó tẹ du -sh, ó kọ orúkọ fódà náà tẹ̀ lé e. Kò tó ìdajì gígà. Obìnrin tó kún ilé mi láti yàrá dé kíṣìnnì! Mo ní irọ́ ni kọ̀ǹpútà ń pa.

"Bàbá, kì í parọ́. Ohun tí ẹ fún un ló wà níbẹ̀."

Ó ṣí èyí tó gùn jù. Ìyàwó mi jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè. "Ẹ gbé nǹkan yìí kúrò lójú mi jàre, bàbá ọmọ mi. Ẹ wá bá mi ṣa ẹ̀wà."

Àwòrán náà mì, ó sì ṣókùnkùn. Mo ti gbé fóònù tí mo fi ń yà á sílẹ̀. Ẹ̀wà náà pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó pẹ́ ká tó ṣà á tán.