Ọ̀rọ̀ Àdúrà Tí Jẹ́jẹ́ Fi Sílẹ̀ Lọ́wọ́ Mi

Èmi ni wọ́n ń pè ní Rédíò. Ẹ má wulẹ̀ bi mí nídìí ẹ̀, ẹ óò mọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀rẹ́ mi ló sọ mí lórúkọ náà, èmi náà sì sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, torí obìnrin yẹn kò kánjú rí láyé ẹ̀. Bí òjò bá ṣú, tí gbogbo àdúgbò ń sáré kó aṣọ, jẹ́jẹ́ ni yóò máa yọ tiẹ̀ lórí okùn, tí yóò máa ká a lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò á sì dúró dè é! Ó máa ń bí mi nínú gan-an.

Aṣọ ni Jẹ́jẹ́ ń lọ, èmi ń ránṣọ. Yàrá kan náà la jọ gbà ní ìparí òpópónà. Maṣíìnì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tábìlì tiẹ̀ wà lẹ́bàá ògiri, bẹ́ǹṣì kan tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé sì wà láàárín wa. Ọdún mọ́kànlá gbáko la fi jọ wà níbẹ̀. Bó bá mú ṣẹ́ẹ̀tì, ọrùn ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ, láti etí méjèèjì bọ̀ wá sí àárín. "Bó o bá ti àárín lọ sí etí," ló máa ń wí, "gbogbo ibi tó rún á sá lọ síbi tí ayé ti máa rí i."

Bó ṣe ń lọ̀ ọ́ náà ni yóò máa gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ fún ẹni tó ni ín. "Olúwa, nọ́ọ̀sì tó ni aṣọ yìí ti ń rù o, ìgbànú ẹ̀ ti wọ ihò kẹta." Màá ní, "Jẹ́jẹ́, ṣé wọ́n ní kó o fi àdúrà kún un ni?" Á rẹ́rìn-ín, á fa aṣọ mìíràn.

Ní gbogbo Mọ́ńdè, laago méje àárọ̀, kò ní tíì tan áyọ́ọ̀nù, èmi náà kò ní tíì fi òwú sí abẹ́rẹ́. A óò jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, oníkálukú á mú ọ̀rọ̀ àdúrà kan wá, ẹnì kejì á sì gbà á fún un. Ọ̀kan ṣoṣo ni o. Èmi máa ń mú mẹ́rin wá. Á ní, "Rédíò, mú èyí tó ń dùn ẹ́ jù. Ìyókù, Ọlọ́run ṣáà lójú."

Nígbà tí ọkọ mi kú, gbogbo èèyàn ló wá sọ̀rọ̀ sí mi létí. Àwọn kan ní kí n má sunkún mọ́, àwọn kan ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe. Áyọ́ọ̀nù ni Jẹ́jẹ́ gbé wá sílé mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gbogbo aṣọ tó wà nílé, títí kan ṣẹ́ẹ̀tì olóògbé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi lọ̀ wọ́n, ó sì fi wọ́n kọ́ síbi tí wọ́n ti máa ń wà. Kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ọjọ́ kẹta yẹn ni mo tó rí ẹkún sun dáadáa, ó sì jókòó tì mí títí tí mo fi sun ún tán.

Irú ọ̀rẹ́ tí mo ní nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fi ṣe é.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan báyìí, ó jókòó. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e sábẹ́ ọmú òsì ẹ̀, lórí aṣọ. Kókó kan wà níbẹ̀, ó le bí hóró ẹ̀wà gbígbẹ.

"Ìwọ nìkan ni mo sọ fún," ó wí. "Lọ́jọ́ Fúráìdeè, bá mi lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò gbọdọ̀ gbọ́, àfi tó bá bímọ tán. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un."

Ọmọ kan ṣoṣo ló ní. Oyún méjì ti bọ́ lára ọmọ náà rí, ẹ̀kẹta yìí ló dé oṣù keje. Mo ní, "Jẹ́jẹ́, ó ti wọ ibi tí kò ti ní jáde mọ́."

Nígbà tó di Tọ́sìdeè, a ṣe ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Olórí wa béèrè pé ta ló ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà. Àyà mi ti kún láti Mọ́ńdè, mi ò lè dá ẹrù yẹn gbé mọ́. Mo dìde. Mo ní, "Arábìnrin kan tó sún mọ́ mi ni. Kókó wà lọ́mú ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ o."

Mi ò ní dárúkọ! Irú wèrè wo ló ń ṣe mí? Ta ni mo tún ní lọ́rẹ̀ẹ́ láyé yìí? Ǹ bá kúkú gbé fọ́tò ẹ̀ dání. Gbogbo wọn pariwo, wọ́n gbàdúrà, omijé ń bọ́ lójú wọn. Kí n má purọ́ fún yín, nígbà tí gbogbo orí yẹn yíjú sí mi, ó dùn mọ́ mi díẹ̀. Àdúrà ni mo pè é. Òfófó ni. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, èmi ò gbọ́.

Láàárọ̀ Fúráìdeè, a ti ń múra ọsibítù. Jẹ́jẹ́ ní kí òun kàn lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan parí ná. Bí ọmọ ẹ̀ ṣe já wọlé nìyẹn, sálúbàtà wà lẹ́sẹ̀ kan, kò sí lẹ́sẹ̀ kejì, ó fọwọ́ gbá ikùn mú. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ akọrin ló pàdé ẹ̀ lójú ọ̀nà tó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, à ń bá mọ́mì ẹ gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ ọmú yẹn."

"Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni?" Ó di etí tábìlì mú. "Ṣé ìta ló yẹ kí n ti gbọ́?"

Èmi ni Jẹ́jẹ́ wò. Kò bínú, ó kàn ń wò mí ni. Ì bá sàn kó gbá mi létí. Áyọ́ọ̀nù wà lórí apá ṣẹ́ẹ̀tì yẹn títí tó fi jó. Látọdún mọ́kànlá, aṣọ ẹnikẹ́ni kò jó lọ́wọ́ ẹ̀ rí.

Orí bẹ́ǹṣì wa náà ni omi ti dà lára ọmọ yẹn. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan jáde, ó kéré bí ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ìkókó náà lò nínú àpótí oníjígí, ìyá ìyá ẹ̀ sì ń lọ jókòó tì í lójoojúmọ́. Ta ló tún ń sọ ti kókó? Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ délé tán ni Jẹ́jẹ́ tó dá nìkan lọ rí dókítà. Wọ́n ní ó ti dé ẹ̀dọ̀. Bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn ló fà á, bóyá òun kọ́, dókítà kò sọ. Èmi náà kò bi í, ẹ̀rù ń bà mí.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún un. Mo sunkún, mo fi orí gbálẹ̀. Ó gbé mi dìde.

"Dìde jàre, orúnkún ń dùn ẹ́. Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ nǹkan fún ẹ mọ́, Rédíò. Kì í ṣe ìbínú. Ẹnu mi ni kò ṣí."

Bó ṣe rí nìyẹn. Ó ń kí mi, ó ń béèrè àwọn ọmọ mi, tó bá ra búrẹ́dì, á bù fún mi. Ṣùgbọ́n bí aago méje Mọ́ńdè bá ti lù, á tan áyọ́ọ̀nù ẹ̀. Èmi nìkan ni màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí oníbàárà tí wọn ò tíì parí aṣọ ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ń fẹ́ láyé kò ju pé kó tún wá jókòó síbẹ̀, kó sọ ọ̀kan ṣoṣo fún mi kó tó lọ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, olórí wa ní kí n wá ròyìn ibi tí ara ẹ̀ dé. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi òun fúnra ẹ̀." Wọ́n ní mo ti ń gbéra ga. Kí wọ́n máa wí.

Nígbà tí kò lè dúró nídìí tábìlì mọ́, ọmọ ẹ̀ gbé e lọ sílé. Gbogbo Mọ́ńdè, laago méje, mo ń lọ síbẹ̀. Mi ò béèrè nǹkan kan. Mo kàn ń bá wọn lọ aṣọ ìkókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ni, mo sì ń fi ọwọ́ aránṣọ bà á jẹ́. Ní Mọ́ńdè karùn-ún, mo rò pé ó ti sùn. Mo gbọ́ tó ní, "Láti etí, Rédíò. Kì í ṣe láti àárín."

Mo rẹ́rìn-ín, omijé sì gba ojú mi.

"Ti ilẹ̀kùn yẹn," ó wí. Mo tì í. "Wá jókòó. Mo ní ọ̀kan."

Mo jókòó. Ó sọ ọ́ fún mi, kò gùn rárá. Mo fi ẹnu sí etí ẹ̀, mo gba àdúrà náà bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Mo ní, "Kó o má lọ."

"Mú òmíràn wá."

Mo ní, "Kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ẹnu mi." Ó ṣe àmín, ó le débi pé ìkókó jí. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ yẹn ni Jẹ́jẹ́ kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ ẹ̀ gbé ìkókó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Màmá Télọ̀, kí ni mọ́mì mi bá yín sọ lọ́jọ́ tí ẹ tilẹ̀kùn yẹn?"

Bí ẹnikẹ́ni bá lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́, òun ni. Mo ti ba tiẹ̀ jẹ́ rí. Mo la ẹnu, mo sì tún pa á dé. Mo ní, "Ó ní kí n bá òun gbàdúrà ni, ọmọ mi." Ó wò mí títí. Ó sunkún, mo gbà á mọ́ra, èmi náà sunkún. Mi ò sọ ọ́.

Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ jókòó láti ìgbà yìí, mo rí i lójú yín pé ẹ fẹ́ béèrè. Mo ti sọ ti ọmú fún yín, mo sọ ti sálúbàtà, mo sọ ti ṣẹ́ẹ̀tì tó jó. Èyí kò ní jáde. Àdúrà náà kò sì tíì gbà. Mọ́ńdè ni ọ̀la, laago méje, màá tún jókòó sórí bẹ́ǹṣì, màá tún un gbà.