Ojú Ìwé Bàbá Mi Nínú Kọ̀ǹpútà

Mi ò fẹ́ràn kọ̀ǹpútà tó bá ń ṣe fọ́nńté. Tèmi ti darúgbó. Bí mo bá ṣí àwọn ètò ńláńlá tí wọ́n fi ń kọ̀wé, á máa mí hẹlẹ bí ẹni tó ń gun òkè. Nẹ́tíwọọ̀kì Odòde, ní Ìdànrè níbí, náà, ìgbà tó bá wù ú ló ń wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi di ètò kékeré kan mú, èyí tí wọ́n fi ń kọ ojú ìwé HTML, irú ojú ìwé tí à ń rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò bèèrè dátà, kò ní kí n kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà mi ni gbogbo ohun tí mo bá kọ ń gbé.

Òun ni mo fi ń kọ ìtàn ayé bàbá mi nígbà tí ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n láàmú. Àgbẹ̀ kòkó tó mọ igi rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wá dẹni tó ń wá ọ̀nà yàrá. Ó dùn mí dọ́kàn. Lọ́sàn-án, màá ka ohun tí mo kọ lánàá sí wọn létí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ máa wò mí ṣáá. Tó bá yá, ojú wọn á là, wọ́n á ní irọ́ ni mo pa, pé ìyá àwọn ló gbin kòkó yẹn, kì í ṣe bàbá àwọn. Ìgbà míì, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kọ kí wọ́n lè bá mi jà. Bí wọ́n bá ṣì ń bá mi jà, bàbá mi ṣì wà nílé.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣú bo àwọn òkè, ojú ìwé náà ti gùn jù, mo fẹ́ ṣí tuntun. Ọgbọ́n ọ̀lẹ ni mo dá: ojú ìwé tí mo ṣe fún ìsìnkú ìyá mi ni mo dà kọ, mo pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́, mo fi ti bàbá mi sí i. Àkọlé tó wà lókè pátápátá, níbi tí ojú kì í tètè dé, ni mi ò rántí pààrọ̀. Nígbà tí mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú bàbá mi, wọ́n gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n sì kà á ketekete bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà wa: "Ìtàn Ayé Olóògbé."

Mo ní àṣìṣe ni, pé ìtàn tiwọn ni. Kíá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: oko ọ̀nà Owena, òjò tó ba kòkó tí wọ́n sá jẹ́, ọmọ mẹ́rin tí wọ́n fi owó kòkó rán níléèwé. Márùn-ún ni wá. Mo ń retí ìjà.

Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Èdè Ìdànrè nìkan ni bàbá mi ń bá àwa ọmọ wọn sọ láti kékeré wa. Yorùbá tí wọ́n fi ń kí àlejò ni wọ́n fi kí mi lọ́jọ́ náà.

"Ẹ kú aráfẹ́rakù o. Èèyàn dáadáa ni bàbá yín. Ṣé àwọn ọmọ yòókù ti gbọ́?"