Ọjọ́ Tí Wọ́n Sọ Ìwé Mi Lórúkọ Ní Amúkòkò

Ibi yòówù tí wọ́n bá ti pè mí láti wá sọ̀rọ̀ nípa ìwé, ẹnìkan á ṣáà nawọ́ sókè, á bi mí pé, "Mà, níbo lẹ ti ń rí àkọlé ìwé yín?" Ó jọ pé wọ́n rò pé mo máa ń jókòó sídìí fèrèsé ni, kí àkọlé wá já bọ́ láti ojú ọ̀run. Irọ́ gbuu! Àkọlé ìwé mi àkọ́kọ́, ẹ̀yìn tírélà kan ní ibùdókọ̀ Kókónọ́ọ̀tì ni mo ti rí i, níbi tí mo ti ń jẹ ẹ̀wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ti ìkejì, ẹnu àwọn obìnrin méjì tó ń jà nídìí omi ẹ̀rọ ló ti jáde. Mi ò tíì sọ fún wọn títí dòní, kí wọ́n má baà ní kí n wá pín ìwé náà sí méjì. Ṣùgbọ́n ti ìkẹta yìí, tí mo bá dúpẹ́ ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò tíì tó.

Ìwé náà dá lórí ilé tí wọ́n bí mi sí, ilé face-me-I-face-you kan ní Amúkòkò, ní Àjégúnlẹ̀: yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, balùwẹ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo wa. Ibẹ̀ ni màámi ṣì ń gbé bí mo ṣe ń wí yìí. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n kó wá bá mi, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí mo kọ ìwé náà tán, mo gbé e lọ fún ọ̀gá tó ń bá mi tẹ̀wé. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Àpápá, lókè ilé kan tí èèyàn ti lè máa wo ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀gá kà á, ó fẹ́ràn ẹ̀. Ó wá ku àkọlé. Gbogbo èyí tí mo bá mú wá ló ń mirí sí. Níjọ́ kan ló bá gbé tirẹ̀ kalẹ̀: Inú Ẹrẹ̀.

"Inú ẹrẹ̀ bíi ti báwo, sà?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ máa ń mu yín dé orókùn. Àkọlé yẹn máa tajà. Àwọn èèyàn fẹ́ràn kí wọ́n máa káàánú Àjégúnlẹ̀."

Òótọ́ ni pé ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́. Àmọ́ ṣé ẹrẹ̀ nìkan ni mo kọ ni? Ó ní tí mi ò bá rí èyí tó dáa jù ú lọ kó tó di ọjọ́ Ajé, ohun tí òun máa tẹ̀ síwájú ìwé nìyẹn.

Mo lọ sílé lọ sọ fún màámi. Ilá ni wọ́n ń rẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Gbogbo ọdún tí mo fi ń fọ yunifọ́ọ̀mù ẹ, tí mò ń fi búlúù sí i kó lè funfun, ṣé ẹnìkan rí ẹrẹ̀ lára ẹ rí nílé ìwé?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Tó bá jẹ́ orúkọ tó máa jẹ́ nìyẹn, má mú un wá fún mi. Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Ẹ ò mọ màámi. Wọ́n kì í halẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ti sọ pé àwọn ò ní ṣe, ó parí. Bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni mo tìtorí wọn kọ ìwé náà. Lọ́jọ́ yẹn, mo sunkún láti Amúkòkò títí dé Ìjọra.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí lórí fóònù. "Ìgbà wo lo kọ ìwé yẹn tán?"

"Ó ti lé lóṣù mẹ́jọ, mà."

"Oṣù mẹ́jọ! Ọmọ wo lèèyàn ń bí tó ń wà láìlórúkọ látìgbà yẹn? Máa gbé e bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. A máa sọ ọ́ lórúkọ." Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé wọ́n ti pe gbogbo èèyàn: "Ọmọ mi ń gbé ọmọ tuntun bọ̀ wálé o! Ẹ wá bá wa sọ ọ́ lórúkọ." Wọn ò sọ irú ọmọ tó jẹ́. Lójú tiwọn, kí ni wọ́n tún fẹ́ sọ?

Nígbà tí mo máa dé lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti kún. Kápẹ́ńtà tó ń gbé ní yàrá tó dojú kọ tiwa láti kékeré mi, ọmọ Ìgbò ni, ó ti kan bẹ́ẹ̀dì ọmọdé kan, ó kùn ún dáadáa. Ìyàwó pásítọ̀ gbé báàfù ìwẹ̀ ọmọ dání. Ìyá onílé wa, tí wọ́n ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, mú ṣọ́ọ̀lù wá. Wọ́n ń kí mi, "Ẹ kú ewu ọmọ o!" ojú wọn sì ń lọ sí ikùn mi. Èmi tí mi ò lọ́kọ, tí mo ti lé lógójì! Ilẹ̀ ò kàn lanu gbé mi mì ni.

Kápẹ́ńtà ń wo ẹ̀yìn mi. "Where the pikin?"

Mo fa ìdì bébà tí mo kọ ìwé náà sí jáde látinú báàgì.

"Ehn? Na book you born?"

Ìyá onílé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Kò sẹ́ni tó padà sílé. Kápẹ́ńtà ní bẹ́ẹ̀dì òun ò ní ṣòfò, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀. Màámi sì fi ṣọ́ọ̀lù bò ó, mi ò parọ́ fún yín.

Wọ́n gbé omi kalẹ̀, wọ́n gbé oyin, iyọ̀, obì àti orógbó. Màámi ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fowó sómi, orúkọ nìkan ni kí wọ́n mú wá. Ìyàwó pásítọ̀ ní kó máa jẹ́ Olúwaṣeun. Àlájà tó ń ránṣọ ní yàrá ìparí ní Alihamudulilahi ni. Kápẹ́ńtà ní, "Call am Landlord Go Hear," nítorí gbogbo àṣírí ilé tó gbọ́ pé mo kọ sínú ẹ̀. Ìyá onílé ní, "Èmi ni landlord. Mo ti gbọ́!" Ẹ̀rín pa wá. Orúkọ tó dùn ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó jẹ́ ti ìwé náà. Ọjọ́ Ajé sì ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la gbọ́ "kó, kó, kó" lẹ́nu ọ̀nà.

Kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn nílé yẹn. Ìyá onílé yíjú padà, inú bí wọn díẹ̀. "Ta nìyẹn? Ta lẹ ń kanlẹ̀kùn fún? Ẹ wọlé, ó jàre!"

Ta ló wọlé? Ọ̀gá atẹ̀wé! Àṣé màámi ti yọ nọ́ńbà rẹ̀ nínú fóònù mi lọ́jọ́ tí mo lọ bá wọn, wọ́n ti pè é síbi ìsọmọlórúkọ. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ó ká ṣòkòtò sókè, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ dé orókùn rẹ̀. Àlájà ti bu omi fún un kó fi ṣanṣẹ̀, kápẹ́ńtà ti dìde fún un lórí àpótí. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ni.

Ìgbà tí mo wo màámi, wọ́n wà lórí ìdúró, abọ́ oyin wà lọ́wọ́ wọn, omijé ń dà lójú wọn.

"Màmá, ẹ tún ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn sọ," ni wọ́n wí fún Ìyá onílé.

"Kí ni mo sọ?" ni Ìyá onílé dáhùn.

Ìgbà yẹn ni màámi sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí láyé mi. Wọ́n ní Ìjọra làwọn ń gbé nígbà tí àwọn lóyún mi. Omi wọ yàrá wọn, bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní wáàfù, àwọn nìkan di ẹrù, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa sùn kiri. Inú òjò ni ìrọbí mú wọn ní Amúkòkò. Wọ́n kanlẹ̀kùn nílé kan, wọ́n kàn án nílé kejì, àwọn onílé yọjú lójú fèrèsé, wọn ò ṣí i. "Nígbà tí mo dé ibí, ojú ti ń tì mí, mo kàn fọwọ́ tọ́ ilẹ̀kùn lásán ni. Ni mo bá gbọ́ ohùn obìnrin kan nínú ilé: Ta lẹ ń kanlẹ̀kùn fún? Ẹ wọlé, ó jàre! Ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Orí ẹní rẹ̀ ni mo bí ọmọ yìí sí."

Wọ́n tọ́ oyin, wọ́n tọ́ ọ sójú ewé àkọ́kọ́. Àbàwọ́n yẹn ṣì wà níbẹ̀. "Ta Lẹ Ń Kanlẹ̀kùn Fún ni orúkọ rẹ."

Gbogbo wa yíjú sí ọ̀gá. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti mọ́, ó wò wá. Mo ti ń pèsè ìjà sílẹ̀.

"Ẹ bá mi gbé oyin yẹn," ló sọ. Ó tọ́ ọ lá. "Ó ti lórúkọ."

Nígbà tí ìwé jáde, èmi àti màámi la jọ gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ lọ fún Ìyá onílé. Màámi fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Wọ́n kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ oore ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà ò sì tán lẹ́nu wọn.

Ìyá onílé ń wò wá bíi pé orí wa ti dàrú. Wọ́n rántí pé wọ́n gbẹ̀bí mi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà, wọn ò rántí rárá. Gbogbo èèyàn ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún.

"Ẹ dìde ńlẹ̀, ó jàre," ni wọ́n wí. "Ṣé kí n fi yín sílẹ̀ sínú òjò ni?"