Ọjọ́ tí Ìyá Mi Wẹ Ọmọ Ayálégbé

Ikú yá ju ẹ̀sín, àwọn àgbà ló sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ayálégbé mi pè mí sẹ́nu iṣẹ́ ní Tinley Park, ìlú kan lẹ́bàá Chicago, pé òun máa fi ọlọ́pàá mú ìyá mi, ó kù díẹ̀ kí n gbà wọ́n gbọ́.

Ilé alájà méjì ni èmi àti ọkọ mi rà ní Chicago. Àwa àti àwọn ọmọ wa ń gbé òkè, a rẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ fún tíṣà kan, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ibí, tó tutù bí omi àmù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, kò sì sẹ́nìkan lọ́dọ̀ rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ìyá mi wá kí wa láti Ìbàdàn. Bí ọmọ náà bá ti ń ké, màmá á na etí sílẹ̀. "Inú ló ń run ún. Wọn ò wẹ ọmọ yìí dáadáa. Ṣé kò níyàá ni?"

Mo ní, "Màmá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ o. Onílé kì í ṣàdédé wọlé ayálégbé níbí. Òfin ni."

Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. "Ilé tó o fowó ẹ rà?"

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti lọ síbi iṣẹ́, ọmọ ké títí. Màmá kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n bá mú kọ́kọ́rọ́ ìsàlẹ̀ níbi tí mo fi í kọ́ sí, wọ́n gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òróró dání, ó di inú ilé ayálégbé. Ìyá ọmọ wà nílé ìwẹ̀. Ìgbà tó máa jáde, ó bá ìyá àgbà kan tí kò rí rí nílẹ̀, ọmọ rẹ̀ wà ní ìhòòhò lọ́wọ́ wọn, wọ́n dì í mú lápá méjèèjì, wọ́n ń jù ú sókè.

Ẹ gbà mí! Mo bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kó dúró dè mí, mo sì wakọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo dúró sí, tí mò ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé màmá ò mọ òfin ibí, pé abúlé ni wọ́n ti wá. Abúlé! Ìbàdàn ńlá! Mo gbójú sókè, màmá fúnra wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló wà lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kedere. Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọn ò wò mí, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú ọmọbìnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ. "Sọ́rì," wọ́n ní, "sọ́rì, ìyá ọmọ." Ọmọbìnrin náà rò pé wọ́n ṣubú ni, ó sáré gbé wọn dìde. Kò dárúkọ ọlọ́pàá mọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn òun kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ìgbà tá a dókè, inú ṣì ń bí mi, ìtìjú ló sọ ara rẹ̀ di ìbínú. Mo ní, "Màmá, kí lẹ wá lọ ṣe níbẹ̀? Ṣé ọmọ yín ni?"

Wọ́n ń fi etí ìró nu òróró ọwọ́ wọn.

"Mẹ́ta lo bí síbí," wọ́n ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fi vísà dù mí. Ìgbà tí wọ́n máa wá fún mi, àwọn ọmọ ẹ ti ń dá wẹ̀."