Àdúrà Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Ìmọ́lẹ̀ Tí Ojú Kò Rí

Ọmọ mi obìnrin fẹ́ lọ sókè òkun láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ìràwọ̀ ṣe ń wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé. Nínú ìdílé wa, a kì í rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ láìgba àdúrà lẹ́nu àgbà. Mo kúrò ní Ìkìrun, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìnísà.

Wọ́n ní àwọn kò lè gbàdúrà lé ohun tí kò yé àwọn. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe tíṣà ní Òkukù, mo rò pé ìyẹn kò le.

Mo ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ náà ti rìn jìnnà, ó sì ti nà títí ojú wa kò fi lè rí i mọ́. Ẹ̀rọ ló ń gbà á, tó ń pín in bí òṣùmàrè, kí a lè mọ bí ìràwọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i nígbà náà. Mo tẹ rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wọn níwájú kámẹ́rà fóònù mi, iná tí ojú kò rí sì hàn nínú fóònù.

"Ṣé rìmóòtù ni yóò máa tún ṣe?"

"Rárá, bọ̀ọ̀dá mi. Àpẹẹrẹ ni."

"Ṣé àwọn ìràwọ̀ náà ṣì wà?"

"Ọ̀pọ̀ wọn ti kú."

"Òkú ló ń lọ kí nìyẹn."

Inú bí mi. Mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Níkẹyìn wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún un ní iṣẹ́ gidi tó bá ṣe èyí tán.

"Bọ̀ọ̀dá mi, èyí gan-an niṣẹ́ náà."

"Tíṣà, àmín là ń ṣe sí àdúrà, a kì í máàkì í."

Mo ṣe àmín tìbínú-tìbínú. Nígbà tí ọmọ mi pè, tó bi mí bóyá wọ́n ti gbàdúrà, mo ní wọ́n ti gbà á.