Irọ́ Tí Mo Pa fún Ìyá Àgbà

Yanrìn gbígbóná ń dún ṣàkàṣàkà nínú agbada, òórùn ẹ̀pà yíyan sì ti gba gbogbo àdúgbò, nígbà tí àwọn ọkùnrin méjì gbé tépù wọ iwájú ilé wa ní Sùúrùlérè. Ọ̀kan di ẹnu rẹ̀ mú lẹ́bàá gọ́tà, èkejì fà á kọjá lórí atẹ ẹ̀pà. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ò dáwọ́ dúró. Ó kàn bi mí pé, "Kí ni wọ́n ń wọ̀n?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, mo gbọ́ tí bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ ń sọ ọ́ ní pálọ̀ pé àwọn ti rí ẹni tó máa ra ilé náà, pé yóò wó o, yóò sì kọ́ fúláàtì alájà mẹ́rin síbẹ̀. Orúkọ bàbá wọn tó ti kú ló wà lára ìwé ilé. Bàbá mi rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "O ò gbọ́dọ̀ sọ fún ìyá àgbà." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.

Mo dá ìyá àgbà lóhùn pé, "Wọ́n fẹ́ tún gọ́tà ṣe ni, mà."

Inú rẹ̀ dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbá etí gọ́tà náà mọ́ tónítóní, kójú má tì í lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́.

Ilé náà ò tóbi. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín àwa àti ará ilé kejì. Bí wọ́n bá wúkọ́ lọ́hùn-ún, à ń kí wọn níbi tá a jókòó sí. Ìjọba ló kó ìyá àgbà wá síbẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, lẹ́yìn tí wọ́n wó ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Tí a bá ń bó ẹ̀pà lábẹ́ igi fúrúùtù, ó máa ń sọ bí ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ń wọlé wá bá wọn nígbà náà, àti bí òun ṣe ń padà lọ ta òwú àti bọ́tìnnì ní Ìsàlẹ̀ Èkó lójoojúmọ́, títí ọ̀nà fi dá òun lágara.

"Wọ́n ní tí àwọn bá kọ́ ilé tuntun tán, a ó padà. Odindi ọdún kan, mi ò tú àpótí mi."

Kò sẹ́ni tó pè wọ́n padà. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ kó wá síbẹ̀ di ẹbí ara wọn. Wọ́n jọ gbẹ̀bí ara wọn, wọ́n jọ sin ọkọ wọn, èyíkéyìí nínú wọn ló sì lè nà wá.

Lọ́jọ́ tí lọ́rì tó máa kó ẹrù wa dé, ìyá àgbà ń fẹ́ èèpo ẹ̀pà lọ́wọ́. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. A ti ta ilé yìí. Ìkòròdú là ń lọ. Yàrá yín ti wà níbẹ̀."

Kò sunkún. Ó wo gọ́tà, ó wò mí.

"Ṣé o mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó mi orí. Ó wá kọjú sí bàbá mi. "Ìjọba ò mọ̀ mí nígbà tó lé mi. Ìwọ mọ̀ mí."

Ní Ìkòròdú, fẹ́ǹsì ga, ìta dá. Ìyá àgbà máa ń bẹ bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ kí àwọn èèyàn òun ní Sùúrùlérè. Wọ́n á ní kó ṣe sùúrù. Ó kú ní ìgbà òjò kejì tí a lò níbẹ̀. Obìnrin mẹ́ta péré la rí pè síbi ìsìnkú rẹ̀ láti àdúgbò wa àtijọ́. Wọ́n ti ta ilé mọ́ àwọn yòókù náà lórí, a ò mọ ibi tí wọ́n kó wọn lọ.

Àwọn èèyàn ní ọmọdé ni mí, pé bí mo sọ, bí n kò sọ, wọ́n á ṣáà ta ilé náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n wá wọn ilẹ̀ àti ọjọ́ tí lọ́rì dé. Ká ní ó mọ̀ ni, ì bá ti lọ láti ojúlé dé ojúlé, ì bá jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn obìnrin náà, ì bá dágbére. Ìyẹn ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, mi ò tíì mọ ẹni tí mo lè dá a padà fún.